Bí Ẹ Ṣe Lè Sọ̀rọ̀ Nígbà tí Nǹkan Bá Ń Wọ́ Níbi Iṣẹ́: Ìtọ́sọ́nà fún Òṣìṣẹ́ Yorùbá ní Àbújá

Nínú ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń kó owó jẹ, àwọn òṣìṣẹ́ mọ̀. Akọ̀wé tó tẹ fáọ́ṣà mọ̀, awakọ̀ tó gbé ọ̀gá lọ mọ̀, agbálẹ̀ tó rí ìwé tí wọ́n fà ya náà mọ̀. Ibi tí wọn yóò gbé ọ̀rọ̀ náà gbà, tí kò fi ní jẹ́ pé orí tiwọn ni yóò fọ́ lé, ni wọn kò mọ̀.

Ohun méjì ló sábà ń pa òṣìṣẹ́ lẹ́nu mọ́ níbi gbogbo láyé: ẹ̀rù pé wọn yóò gbẹ̀san lára òun, àti èrò pé bí òun tilẹ̀ sọ ọ́, kò sẹ́ni tí yóò ṣe nǹkan kan sí i. Ní Àbújá, a tún ní ẹ̀kẹta. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní ẹni tó mú wa wọ iṣẹ́, kò sì rọrùn kí ènìyàn tú àṣírí ọ̀gá tó jẹ́ ọ̀rẹ́ ẹni tó ràn án lọ́wọ́. Àwọn ará ilé á ní aláìmoore ni. Kò sí ìwà ojo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí. Ẹni tó ń san owó ilé ọdún kan lẹ́ẹ̀kan náà ní Kubwa tàbí Lugbe, tí ọmọ mẹ́ta sì wà nílé ẹ̀kọ́, ó yẹ kó bẹ̀rù. Ohun tí a fẹ́ ṣe níbí ni láti kọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ bí yóò ṣe sọ̀rọ̀ tí ọ̀rọ̀ náà yóò fi lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, tí òun náà kò sì ní ṣubú.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ irú ọ̀rọ̀ tó wà lọ́wọ́ yín

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni àwọn ènìyàn máa ń pò pọ̀ sínú ìwé ẹ̀sùn kan. Èkíní ni ìwà tó lòdì sí òfin tàbí tó lè pa ènìyàn lára. Wọ́n kọ owó ìrìnàjò iṣẹ́ (DTA) fún ẹni tí kò kúrò ní Àbújá. Wọ́n gé iṣẹ́ àgbàṣe kan sí mẹ́rin kó má baà dé iwájú ìgbìmọ̀ tó yẹ kó gbé e yẹ̀ wò. Wọ́n lẹ déètì tuntun mọ́ oògùn tó ti kọjá àsìkò. Ọ̀gá ní òun kò ní fọwọ́ sí ìgbéga àfi tí obìnrin náà bá wá sílé òun. Èkejì ni ẹ̀dùn ọkàn tiyín: wọ́n fi ìgbéga dù yín, wọ́n gbé yín lọ sí ẹ̀ka tí ẹ kò fẹ́. Ẹ̀kẹta ni ìjà lásán, pé ẹ kò kàn lè rí ọkùnrin náà sójú.

Ẹni tó bá kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú lẹ́tà kan ti ba ẹjọ́ ara rẹ̀ jẹ́. Olùwádìí yóò máa ka ọ̀rọ̀ owó bọ̀, yóò dé ibi tí ẹ ti kọ ọ́ pé ọ̀gá náà tún ń kó obìnrin kiri, pé kò sì jẹ́ kí ẹ dé ipele 12, yóò ní, “Àṣé ìjà ni,” yóò pa fáìlì dé. Nítorí náà, ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọ̀rọ̀ ìgbéga ní ọ̀nà tirẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ìjà, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àgbà tí ẹ jọ mọ̀.

Ẹ wá dán ọ̀rọ̀ náà wò pẹ̀lú ìbéèrè mẹ́rin: Ta ló ṣe é? Kí ni ó ṣe gan-an? Ìgbà wo, níbo? Báwo ni mo ṣe mọ̀? Bí ìdáhùn sí ìbéèrè kẹrin bá jẹ́ “gbogbo ènìyàn ló ń sọ ọ́,” ọ̀rọ̀ náà kò tíì jinná. Ẹ má tíì gbé e lọ síbì kankan.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn máa ń da àwa Yorùbá láàmú níbí, nítorí pé ọmọlúàbí kì í ta ẹ̀bùn nù, ilé Yorùbá kò sì sí níbi tí a kò ti ń ṣe ayẹyẹ. Ìlànà ìwà tó wà nínú Àfikún Karùn-ún ìwé òfin orílẹ̀-èdè 1999 ti là á sílẹ̀ ní ìpínrọ̀ 6. Òṣìṣẹ́ ìjọba lè gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́, ní ìwọ̀n àti ní àsìkò tí àṣà fàyè gbà. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ilé iṣẹ́ tàbí agbaṣẹ́ṣe tó ń bá ìjọba ṣiṣẹ́ ló fún un, òfin ti kà á sí ohun tí kò tọ́ títí òun fúnra rẹ̀ yóò fi fi ẹ̀rí hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀bùn tí wọ́n bá sì fún un níbi ayẹyẹ gbogbogbòò, ti iléeṣẹ́ tó ń ṣojú fún ni, kì í ṣe tirẹ̀. Àgbò Iléyá tí agbaṣẹ́ṣe gbé wá sẹ́nu ọ̀nà ilé yín ní Gwarinpa kò yàtọ̀ sí owó inú àpòòwé. Ẹ bi ara yín pé: tí n kò bá jókòó sórí àga yìí, ṣé ẹni yìí á mú àgbò wá? Bí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, ẹ dá a padà lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ dá a padà, ọjọ́ wo, ta ni ẹ rán.

Fún ẹni tí wọ́n bá fi rìbá lọ̀, kò sí àyè àti dákẹ́ rárá. Abala 23 òfin ICPC (àjọ tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́) ti ọdún 2000 ní kó lọ sọ fún òṣìṣẹ́ ICPC tàbí ọlọ́pàá tó bá sún mọ́ ọn jù. Bákan náà ni ẹni tí wọ́n bá bèèrè rìbá lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́ láìní ìdí tó yè kooro lè san ìtanràn tó tó ₦100,000, tàbí kó lọ ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún 2, tàbí méjèèjì.

Ìgbésẹ̀ kejì: àkọsílẹ̀

Ibí yìí ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù, ibí náà sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń fò kọjá. Wọ́n á bínú lónìí, wọ́n á kọ ìwé ẹ̀sùn lọ́la. Tí wọ́n bá pè wọ́n fún ìbéèrè lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, wọn kò ní rántí bóyá ọjọ́ Ajé ni tàbí ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ẹ ra ìwé kékeré tí wọ́n rán abẹ́nú rẹ̀ pọ̀, tí ewé kan kò lè já kúrò láìjẹ́ pé ó hàn. Ní alẹ́ ọjọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, kí oorun tó gbé yín, ẹ kọ ọ́: ọjọ́, aago, ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀, àwọn tó wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ gan-an bó ṣe jáde lẹ́nu wọn, nọ́mbà fáìlì tàbí fáọ́ṣà, iye owó. Ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́ta: ohun tí mo fi ojú ara mi rí, ohun tí ẹnìkan sọ fún mi (ta ni?), ohun tí mo rò. Olùwádìí tó bá rí i pé ẹ mọ ìyàtọ̀ láàrin ohun tí ẹ rí àti ohun tí ẹ rò yóò gba ìyókù ọ̀rọ̀ yín gbọ́. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ tí ẹ ti kọ rẹ́. Bí ẹ bá ṣì í kọ, ẹ fa ìlà kan lé e kó ṣì ṣeé kà, kí ẹ kọ èyí tó tọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe ṣe pàtàkì tó ohun tí ẹ ó ṣe:

– Ẹ má gbé fáìlì kúrò ní ọ́fíìsì. Títú ìwé ìjọba síta láìgba àṣẹ wà lára ẹ̀ṣẹ̀ ńlá nínú òfin iṣẹ́ ìjọba, òun sì ni ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ fi mú yín. Nọ́mbà fáìlì tó. Àjọ tó ń ṣèwádìí ní agbára láti wá gba fáìlì náà.

– Ẹ má lo orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìwọlé ẹlòmíràn lórí kọ̀ǹpútà, ẹ má sì wọ yàrá tí iṣẹ́ yín kò gbé yín dé. Ẹ̀rí tí ẹ bá rí lọ́nà bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin ni yóò kọ́kọ́ pa lára.

– Ẹ má fi kọ̀ǹpútà, ímeèlì, Wi-Fi tàbí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ọ́fíìsì ṣe ohunkóhun nípa ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó so mọ́ra wọn ń tọ́jú orúkọ ẹni tó tẹ ìwé àti aago tó tẹ̀ ẹ́.

– Ẹ má ya nọ́mbà àkáǹtì, BVN tàbí ìwé ìlera àwọn oníbàárà sórí fóònù yín. Òfin Ààbò Détà ti ọdún 2023 wà nílẹ̀, ẹ ó sì ti sọ ara yín di arúfin.

– Àwòrán tí ẹ bá fi fóònù yà sábà máa ń gbé ọjọ́, aago, àti nígbà mìíràn ibi tí ẹ wà, sínú ara rẹ̀. Bí ẹ kò bá fẹ́ kí wọ́n mọ ẹni tó yà á, ẹ má fi ránṣẹ́ lásán. Àwòrán ojú WhatsApp sì ń fi hàn ọ̀dọ̀ ẹni tó ti wá, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹni tó ni fóònù ni ó máa ń wà lọ́wọ́ ọ̀tún.

Ohun kejì tó yẹ ní kíkójọ ni ìwé tiyín. Ẹni tó bá fẹ́ gbẹ̀san kì í sọ pé nítorí pé ẹ tú àṣírí ni. Yóò ní ẹ ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Yóò ní iṣẹ́ yín kò dán mọ́rán. Nítorí náà, kí ẹ tó la ẹnu, ẹ gbé ẹ̀dà àwọn ìwé tó jẹ́ tiyín wọ̀nyí sílé: ìwé ìgbàsíṣẹ́, ìwé tó fi ìdí iṣẹ́ múlẹ̀, ìwé ìgbéga, ìwé ìgbéléwọ̀n iṣẹ́ yín fún ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ìwé ìyìn bí ó bá wà, ìwé owó oṣù. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹ máa dé kí aago mẹ́jọ tó lù, kí ẹ sì buwọ́ lu ìwé wíwá síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Bí ẹ bá gba owó ìrìnàjò tí ẹ kò tíì ṣe ìṣirò rẹ̀, ẹ lọ ṣe é lónìí. Mélòó nínú àwọn tó tú àṣírí ni wọ́n ti fi owó kékeré tí wọn kò ṣírò mú! Ẹni tí yóò na ìka sí ẹlòmíràn, kí ọwọ́ tirẹ̀ mọ́.

Ẹ ṣe ẹ̀dà méjì ìwé àkọsílẹ̀ yín. Ọ̀kan yóò wà nílé. Ọ̀kan yóò wà lọ́wọ́ ẹni tí ẹ fọkàn tán tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ níbi iṣẹ́ yín, tí kì í sì í gbé Àbújá bí ó bá ṣeé ṣe.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ kọ́kọ́ bèèrè, ẹ má kọ́kọ́ fẹ̀sùn kàn

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí ìbéèrè kan péré máa ń parí. Ọ̀gá lè ṣì í ṣe, tàbí kó jẹ́ pé ẹlòmíràn ló ń fi orúkọ rẹ̀ ṣe é. Ìbéèrè tí a fi ọ̀wọ̀ bèèrè níkọ̀kọ̀ kò sì tàbùkù ẹnikẹ́ni. Ẹ ki ọ̀gá dáadáa, kí ẹ wá ní:

“Ẹ kú iṣẹ́ sà. Mo rí i lórí fáọ́ṣà Kàdúná pé ènìyàn mẹ́jọ la kọ, àmọ́ mẹ́ta la jọ lọ. Ṣé mi ò kà á dáadáa ni? Mi ò fẹ́ kí àwọn ọ́dítọ̀ wá bi mí kí n má mọ ohun tí n ó wí.”

Ẹ kíyè sí i pé kò sí “ẹ ti jí owó” nínú rẹ̀. Ó fún ọ̀gá láyè láti tún un ṣe kí ojú má tì í. Bí ọ̀gá bá jẹ́ Hausa tàbí Igbo, ẹ fi èdè tó rọrùn fún un bèèrè, kí ẹ má sì mú òṣìṣẹ́ Yorùbá mìíràn dání, nítorí pé kíá ni ọ̀rọ̀ náà yóò di ọ̀rọ̀ ẹ̀yà. Bákan náà, bó bá jẹ́ ọmọ Yorùbá ló ṣe é, ẹ má bò ó nítorí pé ẹ jọ ń lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ ìlú. Ẹni tó bá ń bo tirẹ̀ tó sì ń tú ti ẹlòmíràn kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ mọ́ lọ́jọ́ tó bá fẹ́ sọ òtítọ́.

Lẹ́yìn ìjíròrò náà, ẹ fi ìlà méjì tàbí mẹ́ta ránṣẹ́ lórí ímeèlì iṣẹ́ tàbí mẹ́mò: “Gẹ́gẹ́ bí a ṣe sọ ọ́ láàárọ̀ yìí, mo bèèrè nípa iye ènìyàn tó wà lórí fáọ́ṣà Kàdúná, ẹ sì ní ẹ ó yẹ̀ ẹ́ wò.” Èyí nìkan ni ohun tó yẹ kó jáde láti orí ẹ̀rọ ọ́fíìsì, nítorí pé iṣẹ́ ni.

Bí wọ́n bá wá ní kí ẹ buwọ́ lu ohun tí kò tọ́ ńkọ́? Ẹ má sọ pé ẹ kò ní buwọ́ lù ú. Ẹ sọ pé: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi kọ àṣẹ náà sórí fáìlì, kí n lè tẹ̀lé e.” Ọ̀pọ̀ ọ̀gá kò ní kọ ọ́, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ á sì parí sí. Bí ó bá kọ ọ́, ẹ kọ èrò tiyín sábẹ́ rẹ̀ pé ìlànà kò fàyè gba èyí nítorí báyìí báyìí, kí ẹ sì dá fáìlì padà láìbuwọ́lù. Ẹni tó bá buwọ́ lu ìwé owó ti jẹ́rìí sí ohun tó wà nínú rẹ̀. “Ọ̀gá ló ní kí n ṣe é” kì í gbani lọ́wọ́ olùwádìí.

Ẹ fo ìgbésẹ̀ yìí bí ẹ̀mí ènìyàn bá wà nínú ewu, bí ọ̀gá tí ẹ fẹ́ bi bá jẹ́ ẹni tó ń ṣe é gan-an tí agbára sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti pa ẹ̀rí rẹ́, tàbí bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ ti ìfipábánilò tàbí ìfìtínà ìbálòpọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ mọ ẹnu ọ̀nà tó yẹ

Nínú iléeṣẹ́ ìjọba, ẹ̀ka ACTU wà, èyí tí ICPC dá sílẹ̀ láti gbógun ti ìwà ìbàjẹ́ láti inú. Ẹ mọ̀ pé òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ yín kan náà ni àwọn tó wà níbẹ̀. Bí ẹ̀sùn bá kan òṣìṣẹ́ kékeré tàbí alábọ́ọ́dé, ACTU dára. Bó bá kan olórí iléeṣẹ́, ẹ gbé e lọ síta tààrà.

Níta, ọ̀rọ̀ rìbá àti ìlòkulò ipò, ICPC ni, ní Constitution Avenue. Ọ̀rọ̀ jìbìtì àti owó tí wọ́n gbé sá, EFCC ní Jabi. Ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn tí kò tọ́ àti dúkìá tí wọn kò kéde, Code of Conduct Bureau. Bó bá jẹ́ pé ìyà àìtọ́ ni iléeṣẹ́ fi jẹ yín, Public Complaints Commission ń gbọ́ ẹjọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ẹ kò gbọdọ̀ jẹ́ kó ju oṣù 12 lọ lẹ́yìn tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀. Ìfìtínà ìbálòpọ̀ ní Àbújá, àjọ NAPTIP ló ń mójú tó òfin VAPP ti ọdún 2015, èyí tó lòdì sí ìwà ipá sí ènìyàn. Òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́ gbọ́dọ̀ sọ fún agbanisíṣẹ́ láàrin ọjọ́ 14, gẹ́gẹ́ bí òfin owó gbà-má-bínú òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 ṣe sọ. Àwọn agbanisíṣẹ́ kan máa ń bẹ ènìyàn pé kó má sọ ọ́ síta, àwọn á tọ́jú rẹ̀, títí ọjọ́ 14 yóò fi kọjá.

Ilé ìfowópamọ́ ní ìlànà tí CBN, báńkì àpapọ̀, gbé jáde fún títú àṣírí, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá sì wà lábẹ́ ìlànà ìṣàkóso ti ọdún 2018 tó ní kí wọ́n ní ọ̀nà tí òṣìṣẹ́ lè gbà sọ̀rọ̀. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì, ilé ẹ̀kọ́ aládàáni, ilé ìwòsàn kékeré tàbí ṣọ́ọ̀bù ní Wuse kò ní irú ẹnu ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Tiwọn ni kí wọ́n bá ẹni tó ni ilé iṣẹ́ sọ̀rọ̀ bí kì í bá ṣe òun ló ń ṣe é, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n lọ sọ́dọ̀ àjọ tó ń fún irú ilé iṣẹ́ náà ní ìwé àṣẹ: NAFDAC fún oògùn àti oúnjẹ, àpẹẹrẹ.

Ọ̀rọ̀ owó ẹ̀bùn fún ẹni tó tani lólobó: ìlànà tí iléeṣẹ́ ètò ìnáwó àpapọ̀ gbé jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2016 ṣèlérí 2.5% sí 5%. Ẹ fara balẹ̀ kà á. Owó tí ìjọba bá rí gbà padà ni wọ́n ń ṣírò rẹ̀ lé lórí, kì í ṣe iye tí ẹ ní wọ́n jí. Ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ìjọba kò tíì mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìlànà ni, kì í ṣe òfin tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe, nítorí náà ẹ má fi ṣe gbogbo ààbò yín. Ẹ má sì ná owó náà lọ́kàn. Ẹni tó bá tìtorí 5% kọ̀wé sábà máa ń bù mọ́ ọ̀rọ̀, bíbù mọ́ ọ̀rọ̀ ló sì ń gbé ènìyàn dé ẹ̀wọ̀n. Abala 64 òfin ICPC pa á láṣẹ pé kí wọ́n fi orúkọ ẹni tó mú ìròyìn wá pamọ́. Abala kan náà ló sọ pé ẹni tó bá mọ̀ pé irọ́ ni òun ń pa lè lọ ẹ̀wọ̀n tó tó ọdún 10, pẹ̀lú ìtanràn tó lè tó ₦100,000. Bí ẹ bá ṣàṣìṣe pẹ̀lú ọkàn mímọ́, ìyẹn yàtọ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: kíkọ ìwé náà

Ojú ewé kan. Bó bá pọ̀ jù, méjì. Èyí ni bí ara rẹ̀ ṣe yẹ kó rí, ní èdè yòówù tí ẹ bá fi kọ ọ́:

“Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹta ọdún yìí, ẹ̀ka ìra-ọjà iléeṣẹ́ wa gbé ìwé iṣẹ́ mẹ́rin jáde fún títún òrùlé ilé kan ṣoṣo ṣe. Ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mílíọ̀nù 6 náírà, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 24. Ilé iṣẹ́ mẹ́rin ni wọ́n kọ ọ́ fún, àmọ́ nọ́mbà fóònù kan náà ló wà lórí ìwé méjì nínú wọn. Mo rí àwọn ìwé náà nítorí pé èmi ni mo ń fún fáìlì ní nọ́mbà. Nọ́mbà fáìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nísàlẹ̀. Wọ́n ti san owó méjì, méjì tó kù kò tíì jáde. Mi ò mọ ẹni tó ni àwọn ilé iṣẹ́ náà.”

Gbólóhùn méjì ló ń ṣiṣẹ́ jù níbẹ̀. “Méjì tó kù kò tíì jáde” ń sọ fún olùwádìí pé owó ṣì wà tó lè dá dúró bí ó bá tètè dìde. “Mi ò mọ” sì ń fi hàn pé ẹ kò sọ kọjá ohun tí ẹ rí. Kò sí “olè paraku” tàbí “ọ̀tá orílẹ̀-èdè” nínú rẹ̀. Òfin ìra-ọjà ìjọba ti ọdún 2007 ti ka gígé iṣẹ́ sí wẹ́wẹ́ láti sá fún ààlà owó sí ẹ̀ṣẹ̀, ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 5 láìsí àyè ìtanràn sì ni fún òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n bá dá lẹ́bi. Nítorí náà, ìwà náà ti wúwo tó láìsí èébú.

Ẹ ó wá pinnu bóyá ẹ ó fi orúkọ sí i. Bí ẹ bá fi orúkọ sí i, àjọ náà nìkan ló yẹ kó mọ̀ yín, wọ́n sì lè pè yín padà láti bi yín ní ìbéèrè. Bí ẹ kò bá fi sí i, kò sẹ́ni tí wọn yóò bi, àfi kí ẹ kọ gbogbo nọ́mbà àti déètì síbẹ̀, kí ẹ sì ṣí ímeèlì tuntun tí orúkọ yín kò sí níbẹ̀, lórí ẹ̀rọ tí kì í ṣe ti ọ́fíìsì. Ẹ tún ka iye ènìyàn tó mọ ohun tí ẹ kọ. Bí ó bá jẹ́ ẹni méjì péré ló ń fún fáìlì ní nọ́mbà, yíyọ orúkọ kò bo ẹnikẹ́ni. Ẹ yọ gbólóhùn “nítorí pé èmi ni mo ń fún fáìlì ní nọ́mbà” kúrò, ẹ fi ohun tí àwọn ènìyàn púpọ̀ mọ̀ kún un, tàbí kí ẹ dúró títí ọ̀rọ̀ náà yóò fi dé etí àwọn mìíràn.

Ọ̀nà mìíràn wà tí a kì í sábà lò, ó sì dára púpọ̀. Òfin FOI ti ọdún 2011 fún ẹnikẹ́ni lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè ìwé lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba láìsọ ìdí, iléeṣẹ́ náà sì ní ọjọ́ 7 láti dáhùn. Ẹgbẹ́ aládàáni kan lè kọ̀wé béèrè gbogbo iṣẹ́ àgbàṣe tí wọ́n gbé jáde lóṣù Kẹta. Ìwé á jáde fúnra rẹ̀, kò sì sí ọwọ́ yín níbẹ̀. Àjọ AFRICMIL ní Àbújá ní ìrírí nínú ríran àwọn tó ń tú àṣírí lọ́wọ́. Òfin FOI kan náà, ní abala 27, dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá fi ọkàn mímọ́ tú ìwà jìbìtì, ìfowóṣòfò tàbí ewu ìlera síta. Ṣùgbọ́n ẹ bá agbẹjọ́rò sọ̀rọ̀ kí ẹ tó gbára lé e.

Ẹ má fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ibi mẹ́wàá. Bí ìwé kan bá dé ọ̀dọ̀ ICPC, EFCC, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àti ilé ìròyìn mẹ́ta, oníkálukú á rò pé ẹlòmíràn ti ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, ọ̀kan nínú ẹ̀dà náà á sì padà dé orí tábìlì ọ̀gá yín. Ẹnu ọ̀nà kan tó. Ẹ gba òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà tiyín pẹ̀lú déètì. Ẹ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí ẹ tó kọ ìwé ìránnilétí. Ẹ má sì gbé e sórí Facebook rárá. Ẹni tí ẹ dárúkọ lè fi òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì mú yín, ìwádìí á sì ti bàjẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: lẹ́yìn tí ìwé ti lọ

Dídákẹ́ ni. Ẹ má sọ ọ́ nínú bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ tó ń lọ sí Nyanya, ẹ má sọ ọ́ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ tàbí àdúrà ọ̀sán ní Sẹkitéríàtì, ẹ má sì sọ ọ́ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀. Ìpàdé ẹgbẹ́ ló léwu jù nínú wọn, nítorí pé àwọn ènìyàn wa nífẹ̀ẹ́ yín, wọ́n á sì fẹ́ bá yín bẹ ọ̀gá.

Bí kúérì (ìwé tí wọ́n fi ń ní kí ẹ ṣàlàyé ara yín) bá dé, ẹ wo àkókò tí wọ́n fún yín, tó sábà máa ń jẹ́ wákàtí 24 sí 48, kí ẹ sì dáhùn kó tó pé. Ohun tí wọ́n bi yín nìkan ni kí ẹ dáhùn. Ẹ má kọ ọ́ síbẹ̀ pé “nítorí pé mo tú àṣírí yín ni,” nítorí pé ẹ ti fi ara yín hàn nìyẹn. Ẹ so ẹ̀dà ìwé wíwá síbi iṣẹ́ tí ẹ ti ń buwọ́ lù mọ́ ọn, kí ẹ sì gba òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà. Bí wọ́n bá gbé yín lọ sí ibòmíràn, tí wọ́n dín àmì yín kù nínú ìwé ìgbéléwọ̀n iṣẹ́, tàbí tí wọn kò pè yín sí ìpàdé mọ́, ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú déètì, kí ẹ sì fi wéra pẹ̀lú bí wọ́n ṣe ń ṣe sí yín kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ìyàtọ̀ yẹn ni agbẹjọ́rò yóò gbé lọ sí National Industrial Court, kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́. Ẹ fi tó ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yín létí kó tó di pé wọ́n dá yín dúró.

Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ má fi ìwé sílẹ̀ lóṣù tí owó ilé tàbí owó ilé ẹ̀kọ́ ń bọ̀. Owó oúnjẹ oṣù mẹ́ta nípamọ́ ń fún ènìyàn ní ìfọ̀kànbalẹ̀ tí agbẹjọ́rò kò lè fún un.

Fún ẹni tó jẹ́ ọ̀gá

Gbogbo òkè yìí, òṣìṣẹ́ ń ṣe é nítorí pé ọ̀gá kò ṣe tirẹ̀ ni. Bí ẹ bá jẹ́ olórí ẹ̀ka, ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ẹnìkan bá gbé ọ̀rọ̀ wá ni àwọn yòókù yóò máa wò. Ẹ má bèèrè “ta ló rán ọ?” Ẹ dúpẹ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lójú rẹ̀, ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ ó fún un lésì (ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta dára), kí ẹ sì fún un lésì lọ́jọ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ “a ṣì ń wò ó” lásán.

Àpótí àbá tó wà lábẹ́ kámẹ́rà, tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ akọ̀wé ọ̀gá, òfìfo ni yóò máa jẹ́. Ẹ gbé e síbi tí kò sí kámẹ́rà, ẹ fi àgádágodo méjì sí i, kí kọ́kọ́rọ́ wọn wà lọ́wọ́ ẹni méjì tí kì í ṣe ẹ̀ka kan náà. Ẹ lẹ ìkéde rẹ̀ ní Hausa àti Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn mẹ́gàádì, agbálẹ̀ àti awakọ̀ ló ń rí nǹkan jù, ilé iṣẹ́ mìíràn ló sì sábà ń san owó wọn, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n ní ìbéèrè.

Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ẹ bi gbogbo òṣìṣẹ́ ní ìbéèrè márùn-ún láìgba orúkọ: Ǹjẹ́ o rí ohun tí kò tọ́ ní oṣù 12 sẹ́yìn? Ǹjẹ́ o sọ ọ́? Bí o kò bá sọ ọ́, kí ló fà á? Bí o bá sọ ọ́, ǹjẹ́ wọ́n fún ọ lésì? Ǹjẹ́ o mọ ẹni tí ènìyàn ń sọ fún? Ẹ ṣírò iye àwọn tó rí i tí wọn kò sọ ọ́, kí ẹ sì ka ìdí tí wọ́n kọ. Bó bá jẹ́ ẹ̀rù, ìṣòro náà wà lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá. Bó bá jẹ́ “kò sí ohun tí wọn yóò ṣe,” ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ ìròyìn mọ́ ara ògiri ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta: iye ẹ̀sùn tó wọlé, iye tó parí, ohun tó yí padà, láìsí orúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹ má pín ìdáhùn sí ẹ̀ka ẹ̀ka bí òṣìṣẹ́ ẹ̀ka kan kò bá tó mẹ́wàá, nítorí pé wọ́n á mọ ẹni tó kọ ọ́.

Ẹ̀ka tí ẹ̀sùn kankan kò ti wá fún ọdún kan, bóyá ní Kánò tàbí Sókótó, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bẹ̀ wò. Ẹ má sọ fún wọn tẹ́lẹ̀, kí ẹ mú ẹni tó gbọ́ Hausa dáadáa dání, kí ẹ sì bá àwọn mẹ́gàádì sọ̀rọ̀ kí ẹ tó wọ ọ́fíìsì olórí ẹ̀ka.